Ọjọ́ Tí A Tú Ààlè Oko Wa

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Múráínà. Ẹ gbé àga yẹn kúrò lójú oòrùn kí ẹ tó jókòó sí i, irin ni, á jó yín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìrìn. Mo gbọ́ ohun tí ẹ bi mí. Kàmọ́rù, ìwọ tí o jẹ́ àgbà wọn lo bi mí pé níbo gan-an ni ilẹ̀ bàbá yín dé, nítorí pé iṣẹ́ ìlú Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o sì fẹ́ wá gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ síbi tí bàbá rẹ ń gbìn ín sí. Jímọ̀ àbúrò rẹ náà ń mi orí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ká ní àbúrò mi Múráínà ṣì wà láyé, ẹkún ayọ̀ ni ì bá sun. Èmi náà ì bá ti dìde, kí n gbé ọ̀pá mi, kí a jọ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé mi ò dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún yín, torí ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ilé tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ lẹ bá.

Wọ́n ń pè mí ní Baálẹ̀. Ẹ̀yin náà dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé, mo sì súre fún yín. Fìlà wà lórí mi. Awọ ẹran tí mo ń jókòó lé nìyí. Gbogbo ohun tí Baálẹ̀ ń ní ni mo ní, àfi ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo lè nawọ́ sí kí n sọ pé, ọmọ mi, lọ máa gbìn ín. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ló ń ṣọ́ oko? Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ oko. Ààlè ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí kò níláárí ni: ṣùkù àgbàdo, àkísà, ìkarahun ìgbín, àjákù bàtà. Ohunkóhun tí èèyàn bá ti so mọ́ igi, tàbí tó gbé lé orí igi ìdáná tó ṣẹ́ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ti di pé nǹkan náà ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó so ó ń wí pé, èmi ni mo ni ín, má fọwọ́ kàn án. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tiwa ni ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán, tó ku kùkùté, tí a fi èèpo igi dì nídìí. Ti ilé alágbẹ̀dẹ ni irin wẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ti ilé àwọn ahunṣọ tó ti Ìsẹ́yìn wá bá wa gbé ni fọ́nrán òwú. Bí o bá ń kọjá lọ tí o rí igi ẹmì, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tí èso náà já sílẹ̀ lọ rẹrẹ, tí ebi sì ń pa ọ́, wàá kọ́kọ́ gbójú sókè wo ara igi náà. Bí o bá rí ìgbálẹ̀ wa, o ti mọ̀ pé ti ìyá mi ni. Wàá gbé itọ́ mì, wàá sì máa lọ.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní ni ti ewúrẹ́ ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ewúrẹ́ náà já wọ inú oko alágbẹ̀dẹ, ó já àjákù irin sílẹ̀ lórí igi, ó sì jẹ okùn tí wọ́n fi so ó. Gbogbo abúlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewúrẹ́, torí a gbà pé ohun tó bá já ààlè ẹlòmíràn á kú ni. Àwa ọmọdé ń tẹ̀ lé e kiri, a ń retí ìgbà tí yóò ṣubú. Ìyá tó ni ín ti sunkún sílẹ̀ de òkú ẹran. Ewúrẹ́ jẹ koríko, ó mu omi, ó sùn, nígbà tó sì yá, ó bí ìbejì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó torí ìyẹn mú iṣu ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá jí ní abúlé yìí láyé ọjọ́un, ohùn ládàánì lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọ̀fun lásán ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni awó á bẹ̀rẹ̀ sí í han nínú pápá. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ètè gbogbo wa á ti bẹ́, a ó fi òrí pa á, a ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Àáró la máa ń ṣe: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ọ̀tunla oko ẹlòmíràn. A ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ọkọ́ á máa dún pọ̀ nínú ilẹ̀, ẹni tó bá sì ń fà sẹ́yìn, orúkọ ìyàwó rẹ̀ la ó máa fi pè é títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá yín, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò yá nídìí ebè. A fi orúkọ ìyá yín pè é lọ́jọ́ kan títí ó fi bínú, ó kọ ebè kan tó ga dé ìbàdí. A ní ṣé òkú ló fẹ́ sin síbẹ̀ ni. Kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé, ṣùgbọ́n iṣu tó jáde nínú ebè yẹn, ọkùnrin méjì ló gbé e.

Bí a bá wa iṣu tán, oko la máa ń fi sí. A ó tò ó sára igi, a ó fi koríko bò ó, a ó so ìgbálẹ̀ wa mọ́ ẹnu ọ̀nà, a ó sì padà sílé lọ ṣọdún, lọ ṣe ìgbéyàwó, lọ jókòó ti aláìsàn. Bí a bá padà débẹ̀, ó ń bẹ. Ẹ ń wò mí bí ẹni tó ń parọ́. Mo ní ó ń bẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń tiná bọ pápá láti fi lé ọ̀yà jáde, àgbà àti ọmọdé la jọ ń sáré tẹ̀ lé e, iná á máa ta pàràpàrà lẹ́yìn wa, èéfín á dí ojú, ẹni tó bá kó sínú ihò á máa ké, a ó máa fi í rẹ́rìn-ín kí a tó fà á jáde. Lónìí, bí mo bá ṣá ìṣáná sí koríko lẹ́yìn ilé mi, wọ́n á wá bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ Baálẹ̀ ṣáájú mi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun ló sọ Jímọ̀ lórúkọ. Ẹjọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́, kí n má parọ́. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ń jà lórí ààlà, yóò kọ́kọ́ lọ jẹun nílé ẹ̀gbọ́n, yóò tún lọ jẹun nílé àbúrò, yóò bá wọn rin ààlà náà, yóò bi àwọn arúgbó léèrè, yóò ní kí wọ́n lọ sùn kí wọ́n padà wá. Ìgbà tó bá fi máa dá ẹjọ́, inú àwọn méjèèjì á ti rọ̀, ẹni tó jẹ̀bi á ti mọ ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹjọ́ Baálẹ̀ ń gba àkókò ju iṣu lọ.

Ìgbà wo ló bàjẹ́? Mi ò lè tọ́ka sí ọjọ́ kan. Màlúù àwọn darandaran kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹ̀gẹ́ wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan tí a ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà Òtu. Ẹni tí kò mọ ààlè, tí kò mọ ilé tó so ó, tí kò sì bìkítà, kí ni ìgbálẹ̀ máa sọ fún un? A ò lè sun oko mọ́. Iṣu jẹrà sínú ebè. Ọkà bàbà gbó, ẹyẹ ló jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá jí gbé tó padà wá nínú wa, kì í lè jókòó kó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ẹ̀rù bà wá débi pé a ń kírun ní ìdákọ́ńkọ́, a ò lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin tí a ń pè ní Kọmáńdà wá bá wa. Ọmọ ọdẹ ni, abúlé tó ti wá kò jìnnà síbí. Àwọn ọmọkùnrin tẹ̀ lé e lórí alùpùpù, wọ́n gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ ẹ̀yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku fún ẹ̀gbọ́n mi. A tẹ́ ẹní fún un, ó ní rárá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó òun jókòó.

Ó ní, “Bàbá, ìránṣẹ́ yín ni mo jẹ́. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ́ àwọn ọmọ yìí, kí ẹ sì máa fi àdúrà tì wá lẹ́yìn. Ẹ ó tún sun oko yín.”

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́. Wọ́n jí ìyàwó alágbẹ̀dẹ gbé ní ọ̀nà ọjà, àwọn ọmọ Kọmáńdà ló wọ inú pápá lọ gbà á padà. Ọ̀kan nínú wọn kú síbẹ̀, irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. A sin ín síbí bí ọmọ wa. Ilé kan ń gbà lọ́wọ́ ilé kan ni a fi ń se oúnjẹ fún wọn, tí ìyàwó rẹ kò bá sì bu ẹran tó dáa sí i, ojú á tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. A padà bẹ̀rẹ̀ sí í sun oko. Ìgbà kan wà tí mi ò lè dárúkọ ọkùnrin yẹn kí n má ṣàdúrà fún un, gbogbo ọkàn ni mo sì fi ń ṣe é.

Ó ti lo àsìkò òjò kan lọ́dọ̀ wa kó tó mú ọ̀rọ̀ ààlè wá. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi níwájú gbogbo àwa àgbà.

Ó ní, “Bàbá, àwọn ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ibí. Wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ti ilé wo nínú ìgbálẹ̀ àti ṣùkù. Olè náà lè so tirẹ̀ mọ́ igi kó sì wọlé. Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀. Aṣọ pupa kan náà ni ká so sí ẹnu ọ̀nà gbogbo oko. Bí àwọn ọmọ bá ti rí i, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ wa ló wà. Ẹni tí a ò mọ̀ tó bá kọjá ibẹ̀, olè ni.”

Àwa àgbà wo ara wa lójú. Ó bọ́gbọ́n mu. Ìyàwó mi, Ìyá Àwáwù, ló ń gbé omi wọlé lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá lórí.

Ó ní, “Ẹ dákun o, tí mo bá fẹ́ ṣa ẹmì nídìí igi ìyá ọkọ mi, ta ni n ó máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kọmáńdà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti dá yín dúró?” Ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ gbé omi kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fi àdá gé ìgbálẹ̀ ilé wa lulẹ̀. Ó dúró lórí òkúta, ó so aṣọ pupa sípò rẹ̀, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé alágbẹ̀dẹ tú irin wọn. Àwọn ahunṣọ já òwú wọn. Kò sí ẹni tó rántí ohun tí ọmọdé abúlé yìí máa ń mọ̀ kó tó mọ ìrun kí: ẹni tó bá so ààlè mọ́ nǹkan ló ni nǹkan náà. Ogun ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Àwa, a dúró lórí òkúta, a so ó fún Kọmáńdà pẹ̀lú ọwọ́ ara wa, a sì tún pàtẹ́wọ́.

Ìkórè àkọ́kọ́, ó ní ká fún àwọn ọmọ ní díẹ̀, a fún wọn tayọ̀tayọ̀. Ìkórè kejì, àwọn ọmọ ló wọ oko wá mú un. Nígbà tó yá, kí o tó wa iṣu rẹ, wàá kọ́kọ́ lọ sọ fún wọn ní àgọ́ wọn lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ní kí o dúró, ọ̀gá ń sùn. Ìyá Àwáwù ò ṣa ẹmì mọ́. Òrí tó fi ń pa ẹsẹ̀, ọjà Ṣakí ló ti ń rà á. Kò bá mi sọ ọ́, mo rí i nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, mo sì ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.

Ẹ mọ̀ pé iṣu titun, Baálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gé e, lèmọ́mù á ṣàdúrà sí i, kí ilé mìíràn tó gbé tiwọn kaná. Ọdún kan, àwọn èèyàn ti pé jọ síbí, ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, òórùn iṣu sísun bá gba gbogbo abúlé. Láti àgọ́ ló ti ń bọ̀. Wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gé tirẹ̀ lẹ́yìn tiwọn.

Ẹjọ́ dídá náà tún kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ń jà lórí ààlà, wọ́n gbé e lọ fún Kọmáńdà. Ó parí rẹ̀ kí oòrùn tó gùn: ó na àbúrò ní ẹgba, ó pín ilẹ̀ náà, ó fi ìdámẹ́ta rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ kí wọ́n má baà tún jà. Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Inú àwọn èèyàn dùn. Wọ́n ní ẹjọ́ tó yára nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á kírun àsùbáà tán, á jókòó sórí awọ yìí títí di àìlà, kò ní rí ẹni kankan àfi eṣinṣin. Bí ọdún bá dé, wọ́n á kó obì wá fún un, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Ó wá lọ sí oko rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti lọ wo ọkà bàbà rẹ̀. Ọmọ kan tó jókòó sábẹ́ aṣọ pupa, tí kò tíì pẹ́ tó dé, dìde ó na ìbọn dábùú ọ̀nà. Ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gan-an, “Bàbá, ẹ má bínú, ta lẹ ní ẹ jẹ́?” Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ orúkọ gbogbo igi tó wà lórí ilẹ̀ yẹn yí padà. Nígbà tí ó délé, ó bọ́ fìlà, ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Kò tún lọ sí oko mọ́ títí tó fi kú, àìsàn kankan ò sì ṣe é tí mo lè dárúkọ.

Ìdílé jókòó láti yan ẹni tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kọmáńdà ránṣẹ́ pé òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n èmi ni ọkàn òun balẹ̀ sí. Ìpàdé tú síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ yìnbọn sókè, adìẹ gbogbo sá wọ pápá, ìyá yín wá tirẹ̀ tì. Fìlà mi wọ́ díẹ̀, Kọmáńdà ló tún un ṣe fún mi lórí, lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbọ́ o, kò sí ìgbà tí ọkùnrin yìí rí mi tí kò dọ̀bálẹ̀. Mo ń retí ọjọ́ tí yóò gbá mi létí, torí ọjọ́ yẹn ni n ó mọ ohun tó yẹ kí n ṣe.

Mo rí i lójú rẹ, Kàmọ́rù, pé o fẹ́ sọ pé kí ló dé tí a ò fẹjọ́ sùn. A fẹjọ́ sùn. Àwa àgbà mẹ́ta wọ mọ́tò lọ bá àwọn aláṣẹ tó yẹ ká lọ bá. Wọ́n fún wa ní àga. Wọ́n bi wá pé ṣé wọ́n tún ti jí ẹnikẹ́ni gbé ní abúlé wa. A ní rárá. Wọ́n ní kí wá la ń sunkún sí?

Ní Iléyá tó kọjá, ọkọ Àwáwù ọmọ mi wá kí mi. Tíṣà ni, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìsẹ́yìn. Mo ráhùn fún un bí mo ṣe ń ráhùn fún yín yìí. Ó gbọ́ tán, ó ní, “Bàbá, ó ti ṣẹlẹ̀ rí.” Mo ní níbo? Ṣé ní Òkèhò ni? Ó ní rárá, ní Jàpáàn lọ́hùn-ún, ní ayé àtijọ́.

Ó ní ọba Jàpáàn àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń gbé nínú ìlú ńlá kan, wọ́n ń wọ aṣọ sílíkì, wọ́n ń kọ ewì, wọ́n ń wo òdòdó. Oko wọn wà ní ọ̀nà jíjìn, olè sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wá gba àwọn ọkùnrin tó mọ ẹṣin gùn, tó mọ ọfà ta, kí wọ́n máa bá wọn ṣọ́ ọ. Sámúráì ni wọ́n ń pe irú wọn. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń dúró ti ọ̀gá rẹ̀ tó ń retí iṣẹ́ ni, ìránṣẹ́ ni. Mo rántí ẹni tó jókòó sínú eruku.

Ó ní àwọn onílẹ̀ kéékèèké náà máa ń lọ fi ilẹ̀ wọn sábẹ́ orúkọ alágbára, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n á máa gbìn ín lọ, wọ́n á máa fún un ní tirẹ̀. Mo ní, “Wọ́n tú ààlè wọn nìyẹn.” Tíṣà ní, “Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá.” Nígbà tó yá, ìdílé ajagun méjì dojú ìjà kọ ara wọn. Èyí tó borí kò pa ọba, kò lé e kúrò lórí ìtẹ́. Ó kó àgọ́ tirẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí ààfin, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba láti fi àwọn èèyàn rẹ̀ ṣọ́ gbogbo ilẹ̀, ọba sì fi í joyè olórí ológun. Láti ìgbà náà, àgọ́ ni ẹjọ́ ń lọ.

Mo ní, “Ọba ńkọ́?”

“Ó wà láàfin, Bàbá. Wọ́n ń wólẹ̀ fún un. Òun ló ń fi olórí ológun joyè.”

“Ṣé ó ń rí jẹ?”

“Nígbà mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ọba kan wà tó jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí nǹkan tí wọ́n máa fi ṣe ìwúyè rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún wọn ní Jàpáàn? Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí ọba kankan tó bá wọn jà? Ó ní ọ̀kan gbìyànjú, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù kan, ibẹ̀ ló kú sí. Mo wá bi í ní èyí tí ì bá dáa kí n má bi. Mo ní ọdún mélòó ló gbà kí agbára tó kúrò lọ́wọ́ ológun? Ó wo ilẹ̀. Ó ní ó sún mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin! Mo ti ń fọkàn sí i pé bóyá kí n tó kú. Lẹ́yìn náà mo ní bóyá lójú ẹ̀yin ọmọ. Èmi tí tíṣà bá sọ̀rọ̀ yìí, mo gbé oúnjẹ ọdún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà. Ó ń bẹ̀ mí, ó ní Jàpáàn yàtọ̀ sí ibí. Ó lè yàtọ̀. Tiwọn gun ẹṣin, tiwa gun alùpùpù.

Ilẹ̀ bàbá yín wá ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Láti orí òkìtì ọ̀gán ńlá tó wà lẹ́yìn odò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ìdí igi igbá méjì tó fara kọ́ra kọjá, ó parí síbi tí a gbin pérégún sí. Ẹ̀gẹ́ Kọmáńdà ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ bọ̀. Lọ́la, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, tí àwọn ọmọ yẹn ò tíì jí, a lè gba ẹ̀yìn odò lọ. Mi ò ní gbé ọ̀pá lọ́wọ́ kó má baà dún lórí òkúta. N ó fi ẹsẹ̀ mi rin ààlà náà níwájú yín. Bí mo bá kú, ẹnìkan á ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo lè fún ọmọ Múráínà, ẹ má kọ̀ ọ́ fún mi.

Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè, Kàmọ́rù, etí mi ò ṣe dáadáa mọ́.

O ní kò sídìí fún ká máa fara pamọ́.

O ti dé àgọ́ wọn. Láti gáréèjì ni wọ́n ti sọ fún yín pé ẹni tó bá ń bọ̀ ní abúlé yìí, àgọ́ ló ń kọ́kọ́ yà. O ní Kọmáńdà gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún yín lómi tútù. Ó ní kí o gbin ìdajì ilẹ̀ náà, kí o máa mú díẹ̀ wá fún òun nígbà ìkórè, kí Jímọ̀ sì bá àwọn ọmọ òun gbébọn. Jímọ̀, gbójú sókè kí n rí ọ. O ti gbà fún un.

Òun ló sì ní kí ẹ yà kí Baálẹ̀. Òun ló ní kí ẹ bi mí ní ibi tí ilẹ̀ náà dé, kí òun lè mọ ìdajì rẹ̀.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́ fún yín: òkìtì ọ̀gán, igi igbá méjì, pérégún. Ẹ ti kí mi, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ dìde, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ bá mi kí i. Ẹ ní Baálẹ̀ ní ó kú ìtọ́jú wa.